Láti Ìyágànkú dé Manchester: fún ẹni tó fẹ́ ṣe lọ́yà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ Sátidé. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Law ni mo fẹ́ mú ní JAMB. Dádì ní kí n bi yín bóyá kí n kúkú wá kà á lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fèsì. Èsì náà gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ sórí fóònù lọ, mo bá jókòó kọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bèèrè.

Mo ṣe lọ́yà n'Íbàdàn fún ọdún mẹ́jọ. Mo ti ń ṣe é ní Manchester báyìí. Orúkọ iṣẹ́ náà ò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi ọjọ́ ẹni ṣe níbí yàtọ̀ sí ohun tó ń fi ọjọ́ ẹni ṣe nílé.

N'Íbàdàn, aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ti máa ń bá mi ní Akóbọ̀ níbi tí mo ti ń wá mọ́tò, gáùn àti wíìgì nínú báàgì, fáìlì lábíyá. Bí ẹjọ́ bá wà ní Ìyágànkú lọ́dọ̀ májísíréètì, ìyẹn dára, kò sí wíìgì ńbẹ̀, ọrùn á ráyè mí. Bó bá jẹ́ High Court ní Ring Road, ìmúra kíkún ni. Ìwé tó to ẹjọ́ ọjọ́ náà ti wà lára ògiri, a ó máa fi ìka wá tiwa. Tèmi lè jẹ́ ìkẹtàdínlógún. A ó jókòó, a ó máa kí ara wa, a ó máa fi fáìlì fẹ́ra. Bó bá di nǹkan bí aago mọ́kànlá, akọ̀wé kóòtù á jáde sí wa: "Kóòtù ò ní í jókòó lónìí o. Olúwa mi lọ ìpàdé." Gbogbo wa á yọ dáyárì, a ó mú ọjọ́ mìíràn. Bàbá kan wà, oníbàárà mi, tó máa ń ti Ìgbẹ́tì wá sùn mọ́jú n'Íbàdàn torí ẹjọ́ yìí. Á wò mí lójú, á ní, "Lọ́yà, kí ni wọ́n wí?" Ohun tí wọ́n wí ni pé ó di oṣù méjì sí i. Èmi náà ni mo gbọ́dọ̀ fi Yorùbá tó dùn gbé e kalẹ̀, kí bàbá má baà rò pé mo ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀tá òun.

Wọ́n sún ẹjọ́ yẹn síwájú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Pálọ̀ mọ́gàjí kan ló parí sí níkẹyìn, pẹ̀lú obì àti mínírà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, mo sì rí i pé ìdajì iṣẹ́ lọ́yà nílé ni kó mọ ìgbà tó yẹ kí ẹjọ́ kúrò ní kóòtù. Wọn ò kọ́ mi ní ìyẹn ní yunifásítì.

Ní Manchester, ẹnikẹ́ni ò dá mi dúró. Aago kékeré kan ló wà ní igun kọ̀ǹpútà mi, ó ń kà. Mínítì mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń pín iṣẹ́ lọ́yà sí níbí. Mẹ́wàá rẹ̀ ló di wákàtí kan. Ìwé tí o kà, lẹ́tà tí o kọ, ìpè tí o gbé, gbogbo rẹ̀ ni wàá kọ mínítì rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, màmá kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú pè mí nípa ilé tó ń rà. "Lọ́yà mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú òtútù. Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n ti wọlé síléèwé? Olúwa á wò wọ́n." Kí màmá tó dórí ọ̀rọ̀ ilé, mínítì mẹ́fà ti lọ. Kí ni kí n kọ? Mo kọ òdo. Ọ̀gá mi, ọmọdébìnrin tó kéré sí mi ní ọdún márùn-ún tí mò ń pè ní orúkọ (ìyẹn náà gba àkókò kó tó mọ́ mi lẹ́nu), wá bi mí pé kí ló dé tí ìpè mínítì méjìlá fi jẹ́ mẹ́fà lórí ìwé. Mo ní a ń kíra ni. Ó wò mí bíi pé mo sọ pé a ń jó.

Nílé, ìdúró ló ń jẹ ayé lọ́yà. Níbí, kíka mínítì ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rò nìyẹn kó tó ro ti orúkọ: èwo nínú méjèèjì ni yóò lè gbé fún ogún ọdún?

Orúkọ náà kúkú wà o. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí sí Bar, àdúgbò gbàgbé orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ẹlẹ́ran ń pè mí ní Lọ́yà, pásítọ̀ ń pè mí ní Barrister. Owó oṣù tí mo ń gbà nígbà náà jẹ́ 25,000 náírà, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀? Ojú tí orúkọ yìí tì mí wà níbi tí mo ti ń wá ilé. Onílé kan ní Bódìjà ti gbà, ó ti ń mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀, ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo dáhùn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò: "Ẹ má bínú, mi ò ń gbé ilé fún lọ́yà." Ní Manchester, wọ́n wo owó oṣù mi, wọ́n wo bí mo ṣe ń san gbèsè, wọ́n gbé ilé fún mi. Bí mo bá ní iṣẹ́ mìíràn ni mo ń ṣe, bákan náà ni.

Ẹ jẹ́ n wá sórí ìwé kíkà, nítorí owó bàbá ọmọ náà ló fẹ́ lọ.

Nílé, ọdún márùn-ún ni Law fún ẹni tó gba JAMB wọlé, bí ìyanṣẹ́lódì bá gbà. Ti 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni Law School, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Bwari l'Abuja. Aṣọ dúdú àti funfun lójoojúmọ́, àti dínà mẹ́ta tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ pa jẹ. Ìdánwò márùn-ún ló wà níparí, nígbà tèmi sì rèé, máàkì tó kéré jù ni wọ́n fi ń pín èèyàn sí ipò. Bí o bá gba A mẹ́rin pẹ̀lú C kan, C yẹn ni ìwọ. Alẹ́ tí èsì jáde, ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀wé jù wá lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá, kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ ni o di barrister (ẹni tó ń rojọ́ ní kóòtù) àti solicitor (ẹni tó ń bá oníbàárà ṣètò ìwé àti àdéhùn) papọ̀.

Níbí, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, o gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ni yunifásítì. Ẹni tó fẹ́ ṣe solicitor á ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní SQE, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, á sì ní ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ ṣe barrister á wá pupillage, ìyẹn àyè láti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ barrister tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń parí kọ́ọ̀sì rẹ̀ láì rí ọ̀kan. Àwa tá a ti jẹ́ lọ́yà tẹ́lẹ̀, wọn ò béèrè ọdún méjì yẹn lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ìbéèrè 360 ni mo dáhùn ní apá kìíní SQE lọ́jọ́ méjì lójú kọ̀ǹpútà, ìdáhùn márùn-ún lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta nínú wọn á sì máa jọ òtítọ́. Owó apá méjèèjì ìdánwò yìí ju 4,000 pọ́n-ùn lọ.

Ibi tí àwọn òbí kì í wò rèé: dókítà lè gbé ìmọ̀ rẹ̀ sọdá òkun, torí ẹ̀dọ̀ fóró ò ní orílẹ̀-èdè. Òfin ní. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀ ẹbí, nípa ọmọ onílẹ̀, nípa òfin ilẹ̀ 1978 tó ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí títà tó múlẹ̀, kò wúlò fún mi ní Salford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester níbí. Nílé, èmi àti sọfiyọ̀ máa ń wọ bàtà òjò lọ wo ilẹ̀, a ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ta ló ni ín, a ó tún bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Níbí, mo san owó tí kò tó pọ́n-ùn mẹ́wàá sí Land Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń kọ orúkọ ẹni tó ni ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀, láti orí àga mi, orúkọ ẹni tó ni ilé jáde, gbèsè tó wà lórí rẹ̀ náà jáde. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, inú mi bàjẹ́ díẹ̀, mi ò lè parọ́. Mo rántí bàtà òjò mi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ ṣe lọ́yà, Inner Temple, ẹgbẹ́ àwọn barrister kan ní London, ló ti gbà á ní 1879. Awólọ́wọ̀ náà, ibẹ̀ ni, ní 1946. Àwọn tó ń ti ọ̀hún bọ̀ gbọ́ òfin àwọn òyìnbó yékéyéké, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ wọn ní tilẹ̀ wa. Ó wà lára ìdí tí wọ́n fi dá Law School sílẹ̀ ní 1962. Títí dòní, ọmọ tó bá ka Law ní Ìlú Ọba tó fẹ́ padà wá ṣiṣẹ́ nílé, á kọ́kọ́ ṣe apá kìíní ní Law School, níbi tí wọ́n á ti kọ́ ọ ní òfin Nàìjíríà, kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó kà á nílé.

Nítorí náà, mo sọ fún un pé kó sọ fún bàbá rẹ̀ báyìí: ìlú tó bá fẹ́ gbé ni kó ti kà á. Bó bá jẹ́ ilé, kó kà á nílé, kó lọ jókòó sẹ́yìn ní kóòtù Mápó lọ́jọ́ tí tọkọtaya bá ń tú ká, kó wò ó bóyá ó lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí láràárọ̀. Bó bá jẹ́ ibí, kó mọ̀ pé iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ àjèjì kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ onílé, àti pé físà ní òpin bí kò tíì rí ọdún méjì yẹn.

Ó dákẹ́ fún ọjọ́ kan gbáko. Ìfiránṣẹ́ tó wá lẹ́yìn náà kúrú. Ó ní ṣé mo ṣì ní wíìgì mi. Mo ní ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, nínú páálí tí mo fi gbé e wá, mi ò tíì ṣí i láti ọjọ́ tí mo dé.

"Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí," ó ní, "ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."