Ìdíje mẹ́rin, dẹ́ẹ̀kì kan tí kò kúrò nínú àpótí

Láti oṣù kìíní títí di òní, mi ò tíì jókòó síwájú ẹnikẹ́ni nínú ìdíje kan kí n ní mo wá ṣeré. Dẹ́ẹ̀kì mi wà nínú àpótí rẹ̀, ọgọ́ta káàdì pé pérépéré, bí mo ṣe tò ó sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá náà ló ṣe wà. Ìdíje mẹ́rin ni mo ṣètò lọ́dún yìí, Magic: The Gathering ni gbogbo rẹ̀, eré káàdì tí Richard Garfield gbé jáde lọ́dún 1993, kí Pokémon àti Yu-Gi-Oh! tó tẹ̀lé e. Tẹ́lẹ̀, èmi náà wà lára àwọn tó máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ráhùn pé kí ló dé tí ráùndì tó kàn ò tíì bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹni tó ń ṣètò yìí ń sùn ni. Ẹnu mi ti wọhò báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àkọ́kọ́, torí òun ló dójú tì mí jù. Ẹni mẹ́rìndínlógún ló wá. Mo wò ó pé mẹ́rìndínlógún, mẹ́jọ, mẹ́rin, méjì, ó parí. Ìṣirò tí kò fọ́ni lórí. Ẹni tó bá pàdánù, kó máa lọ sílé. Mi ò rò ó pé kí wákàtí kan tó kọjá dáadáa, ẹni mẹ́jọ ò ní ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ mọ́. Àwọn kan wà nínú wọn tó fi ọ̀sẹ̀ méjì tún dẹ́ẹ̀kì ṣe, tí wọ́n ra awọ tuntun wọ̀ fún káàdì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jókòó, káàdì ilẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń rí agbára lo àwọn káàdì yòókù, kọ̀ láti jáde fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ wọn tán. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ń dá káàdì rẹ̀ padà sínú àpótí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó ń rọra ṣe é bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán. Ó gbójú sókè ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí mo tún lè ṣe ni?" Mo ní kò sí. Nígbà tí a fi dé àṣekágbá, ẹni márùn-ún ló kù nínú yàrá: àwọn méjì tó ń ṣeré, èmi, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹnì kan tó ń dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ló lé mi dé ìdí ètò Swiss. Àwọn tó ń ta chess ló kọ́kọ́ lò ó, ní ìlú Zurich ní Switzerland lọ́dún 1895, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Wọn kì í lé ẹnikẹ́ni lọ sílé nínú rẹ̀. Ní ráùndì kìíní, ẹni tí orí bá gbé kò ọ́ lo máa bá ṣeré. Láti ìkejì lọ, aborí ń pàdé aborí, ẹni tó pàdánù ń pàdé ẹni tó pàdánù, ẹni méjì kì í sì í pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìborí jẹ́ àmì mẹ́ta, ọ̀mì jẹ́ ọ̀kan, ìpàdánù jẹ́ òdo. Tí ẹnì kan bá ṣẹ́kù tí kò rí ẹni bá ṣeré, yóò gba báì, ìyẹn ni pé yóò jókòó ní tirẹ̀, a ó sì kà á fún un bíi pé ó borí. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé èèyàn lè di ìlọ́po méjì kí ọjọ́ má sì fi ju ráùndì kan ṣoṣo gùn sí i: ráùndì 5 fún èèyàn 17 sí 32, 6 fún 33 sí 64, 7 fún 65 sí 128.

Nítorí náà, nígbà tí ẹni mẹ́rìnlélógún wá sí ìdíje kejì, ọkàn mi balẹ̀. Ráùndì márùn-ún, lẹ́yìn náà ẹni mẹ́rin tó wà lókè á bọ́ sí ìpele ìkẹyìn. Àmọ́ ibi tí mo rò pé mo ti bọ́ gan-an ni mo há sí. Ẹnì kan borí nínú ráùndì márààrún. Ẹni mẹ́rin mìíràn borí lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Ẹni márùn-ún nìyẹn. Àga mẹ́rin ni mo ní.

Kọ̀ǹpútà yọ ẹnì kan sílẹ̀, ẹni náà sì dìde wá bá mi. Ó jù mí lọ dáadáa, kò sì pariwo. Ó ní, "Àbúrò, méjìlá ni àmì mi. Méjìlá ni ti ẹni kẹrin. Kí ló fi jù mí lọ?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo mọ̀ pé òṣùwọ̀n kan wà tí kọ̀ǹpútà fi ń ya àwọn tí àmì wọn bá dọ́gba, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe é, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń sọ pé, "Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú, sà." Èmi tí mo ṣètò rẹ̀ nìyẹn o.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo mú ìwé àti bírò. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí àwọn tí o bá ṣeré ṣe ṣe sí. Ẹ mú alátakò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo àmì tó gbà nínú iye tí ì bá gbà ká ní ó borí gbogbo ráùndì tó ṣe, kí ẹ sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Tó bá rẹlẹ̀ ju 33 lọ, 33 lẹ máa kọ. Àwọn alátakò bàbá yìí jẹ́ 33, 33, 60, 60 àti 100. Pa wọ́n pọ̀, pín in sí márùn-ún: 57 àti díẹ̀. Ti ẹni kẹrin jẹ́ 60 géérégé. Ọ̀kan nínú àwọn 33 méjì yẹn ni ẹni tí bàbá náà nà ní ráùndì kìíní, tí wọ́n tún nà ní ìkejì, tó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká tó lọ. Ká ní ó dúró, kó sì borí nínú mẹ́ta tó kù, òun náà ì bá di 60, ti bàbá á sì kọjá 62. Mo pè é lórí fóònù, mo ka ìṣirò náà fún un láti òkè dé ilẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àṣé ẹni tí mo nà ló nà mí."

Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì jẹ́ kí ráùndì kìíní bẹ̀rẹ̀ kí n má ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn sétí gbogbo èèyàn. Mo máa ń fi kún un pé ẹni tó bá pàdánù, kó jọ̀wọ́ má tíì lọ, ìwọ̀n ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan sì ń dúró.

Ọ̀rọ̀ àkókò wá kù. Ìṣẹ́jú 50 ni ráùndì kan, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ borí nínú eré méjì ló ni ín. Tí aago bá dún, ẹni tí eré kàn lọ́wọ́ á parí ìgbà tirẹ̀, wọ́n á sì tún máa gbà á fún ara wọn títí ìgbà márùn-ún sí i á fi pé láàárín àwọn méjèèjì, kí wọ́n tó fi eré sílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ráùndì márùn-ún jẹ́ wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwé tí mo kọ àkókò sí wà níwájú mi báyìí, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìdíje kejì, ìṣẹ́jú 22 la fi ń jókòó lásán láàárín ráùndì kan sí èkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìṣẹ́jú 88. Wákàtí kan àtààbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ṣe nǹkan kan ju pé wọ́n ń wò mí lẹ́nu.

Ibi tó ti ń lọ ò ju méjì lọ. Èkínní, ìwé ìsopọ̀, ìyẹn èyí tó ń sọ ẹni tí oníkálùkù máa bá ṣeré, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ń lẹ̀ mọ́ ògiri, mo sì tò ó bí nọ́ńbà tábìlì ṣe tẹ̀léra. Ẹni mẹ́rìnlélógún á ṣù bo ibẹ̀ bí eṣinṣin, oníkálùkù á máa fi ìka wá orúkọ ara rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Orúkọ ni mo wá ń tò báyìí, bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò, ìwé méjì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun yàrá níbí, ìkejì lọ́hùn-ún. Èkejì ni tábìlì tó ń kẹ́yìn. Mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà títí aago á fi dún kí n tó wá mọ̀ pé tábìlì kan ṣì wà nínú eré kẹta. Ní báyìí, tó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti dìde, mo ti wà lẹ́yìn wọn. Ní ìdíje kẹrin, ìṣẹ́jú 9 la fi ń dúró. Kò sí ẹni tó kí mi kú iṣẹ́ fún un, kò sì yẹ kí wọ́n kí mi, nítorí bó bá ti lọ bó ṣe yẹ, kò sẹ́ni tó ń rí i.

Ìdíje kẹta ni mi ò fẹ́ rántí. Ẹni mọ́kànlélógún. Èmi nìkan ni mo ń gba orúkọ, tí mo ń tẹ èsì, tí mo tún ń ṣe adájọ́. Ní ráùndì kejì, mo tẹ èsì kan sódì: ẹni tó borí pẹ̀lú 2-1, mo kọ ọ́ ní ẹni tó pàdánù. Àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sí ìwé èsì wọn, kò sí àṣìṣe lọ́wọ́ tiwọn. Ráùndì kẹta ti lo bí ìṣẹ́jú méje kí ẹni tó borí náà tó wá sọ fún mi pé ẹni tó ń bá òun ṣeré ò tíì borí rárá. Ó ti pẹ́ jù láti tú wọn ká. Mo tún èsì náà ṣe fún ráùndì tó ń bọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí kò kúrò níwájú mi títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ kan náà ni ti dáìsì ṣẹlẹ̀. Ráùndì kẹrin, tábìlì kẹfà, àwọn ọ̀dọ́ méjì. Aago ti dún, ìgbà márùn-ún ti pé, eré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n nà ara wọn. Ọ̀mì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀mì ò lè gbé èyíkéyìí nínú wọn débi àga mẹ́rin yẹn. Ìborí lè gbé ọ̀kan débẹ̀. Ni àbúrò nínú wọn bá fa dáìsì olójú ogún yọ, èyí tó fi ń ka iye ẹ̀mí tó kù fún un nínú eré látàárọ̀. Èkínní jù ú, ó bọ́ sí 17. Èkejì jù ú, ó bọ́ sí 4. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọn ò fi pa mọ́ rárá, kódà àbúrò ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó, a ti parí ẹ̀!"

Òfin gbà pé kí ẹni méjì fẹnu kò pé ọ̀mì làwọn. Ó gbà pé kí ẹnì kan kàn sọ pé òun gbà fún èkejì. Kò gbà pé kí dáìsì yàn, bí kò ṣe gbà pé kí owó tàbí ẹ̀bùn yàn. Mo mọ̀ ọ́n, ó sì wà nínú ìwé òfin tí mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Mo yọ àwọn méjèèjì kúrò nínú ìdíje. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ bá mi jà. Àbúrò kàn ń wo dáìsì ọwọ́ rẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò títí. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún yọ wọ́n, torí ẹni tó wà ní tábìlì keje ti gba ọ̀mì tirẹ̀ láìjanpata, ó sì ń wò wá. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìwé òfin ojú ewé mẹ́rin? Ẹnu ni mo yẹ kí n fi sọ ọ́ lówùúrọ̀, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ẹ̀bi yẹn, tèmi ni.

Ti ìdíje kẹrin dùn, mi ò sì ní sọ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Obìnrin kan tó mọ eré yìí jù mí lọ gbà láti fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kó ṣe adájọ́, ara tù mí débi pé mo ráyè mumi. Òun ló mú dẹ́ẹ̀kì méjì fún àyẹ̀wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ráùndì kẹta tó bá a pé káàdì 59 ló wà nínú ọ̀kan. Ọmọ tó ni ín ń làágùn. Adájọ́ béèrè ẹni tó bá a ṣeré gbẹ̀yìn, ó lọ ka ti ẹni náà: 61. Awọ dúdú kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀ fún káàdì wọn. Ní ìparí eré tó kọjá, ẹnì kan ti lo káàdì tó ń gba ohun ọlọ́hun, ó fi gba káàdì ẹranko kan lọ́wọ́ alátakò rẹ̀, nígbà tí eré sì parí, ó gbá gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, ẹranko náà bá a lọ. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, olè náà pẹ̀lú. A fi àkókò tí àyẹ̀wò gbà kún ráùndì wọn, eré ń lọ.

Nínú ẹni mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ṣì jókòó ní ráùndì karùn-ún. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọkùnrin tó béèrè ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, ó ti pàdánù mẹ́ta, ó ń pò káàdì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ.

Mo ti ṣí ìforúkọsílẹ̀ fún oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. Mi ò ní ṣe ju mẹ́ta lọ lọ́dún náà, mo sì ti bẹ ẹnì kan pé kó gba ọ̀kan ṣètò kí èmi náà lè rí àga jókòó sí. Orúkọ àkọ́kọ́ tó wọlé ni ti àbúrò tó ni dáìsì. Ó kọ ọ̀rọ̀ sí i nísàlẹ̀ pé òun á mú dáìsì òun dání o, ṣùgbọ́n ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣeré nìkan ni òun á fi mọ̀.