Bàbá onílé mi àti àwọn Eegun Toton

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Long Eaton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàrá kan ni mo háyà lọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù. Bí ọ̀kan bá kọjá lóru, bàbá á dákẹ́, á tẹ́tí, á ní, "66 ni yẹn." Ó tán. Nọ́ńbà irú orí ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ ojú irin ni. Òṣogbo ni wọ́n bí mi, ẹ̀yìnkùlé wa ni rélùwéè ń gbà, nítorí náà èmi náà máa ń tẹ́tí. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe 66 ni etí bàbá ń wá. 58 ló ń wá.

Àádọ́ta péré ni wọ́n ṣe nínú irú 58, tí wọ́n ń pè ní Class 58, ní ilé iṣẹ́ Doncaster ni wọ́n sì ti ṣe gbogbo wọn. Ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló ṣe Flying Scotsman àti Mallard, àwọn orí ọkọ̀ olókìkí, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ooru omi gbígbóná wa ọkọ̀. 58001 jáde ní ìparí ọdún 1982. 58050 jáde ní 1987, lẹ́yìn rẹ̀ Doncaster kò ṣe orí ọkọ̀ ńlá kankan mọ́.

Agbára ẹṣin 3,300 ló wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Ilé awakọ̀ fẹ̀ ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àárín tẹ́ẹ́rẹ́, torí àpótí lásán ni wọ́n fi bo ẹ́ńjìnì, tí èèyàn sì lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níta. Bí o bá dúró lórí afárá tí o wò ó láti òkè, eegun gan-an ni. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ń pè é nìyẹn: "Bone". Eegun ara ni mo ń wí o, kì í ṣe eégún tó ń jó. Wọ́n ṣe é lọ́nà tó fi jẹ́ pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣeé tú, ó ṣeé pààrọ̀, nítorí wọ́n rò pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn á wá rà á. Kò sẹ́ni tó rà á.

Èédú ni wọ́n bí i fún. Toton, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí kò jìnnà sí ilé wa, ni ilé wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ kó èédú ní kòtò ìwakùsà Nottinghamshire lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná bíi Ratcliffe, Cottam àti West Burton. Bí bàbá bá ń ṣàlàyé apá yìí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á máa rìn lórí tábìlì. Ọkọ̀ náà kì í dúró láti já ẹrù. Á yí po lórí ojú irin róbótó, á máa rá pálá, ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ á yá jù ú lọ. Bí wágọ́nù kọ̀ọ̀kan bá ti dé orí ihò, irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà á ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èédú á ya sílẹ̀, irin mìíràn á tì í padà. Wágọ́nù tó lé ní ọgbọ̀n ni wọ́n á já báyìí, ọkọ̀ á tún gba kòtò lọ. Bàbá kì í fi àléébù rẹ̀ pamọ́: bí òjò bá rọ̀, ẹsẹ̀ 58 máa ń yọ̀ lójú irin.

Ìyanṣẹ́lódì àwọn awakùsà, láti 1984 di 1985, ló kọ́kọ́ mi ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń ti kòtò pa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ta ilé iṣẹ́ iná fún aládàáni, gáàsì sì gba iṣẹ́ èédú. Ní 1996, EWS, ilé iṣẹ́ aládàáni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, béèrè fún 250 orí ọkọ̀ tuntun láti Kánádà. Àwọn yẹn ni 66. Èyí àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ ní 1998. Ní 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé 58 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2002, kò sí ìkankan lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Èyí tó dàgbà jù kò tíì pé ogún ọdún! Class 37, tí wọ́n ṣe láàárín 1960 sí 1965, ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ irú kan ṣoṣo, ohun èlò rẹ̀ á jẹ́ irú kan, ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ náà á jẹ́ irú kan, owó á sì dínkù. Síbẹ̀ ó dùn mí.

Nígbà tí àwọn 58 ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n wá rí òkè òkun. Wọ́n háyà wọn lọ sí Netherlands, Sípéènì àti Faransé, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kó òkúta àti irin tí wọ́n fi la ọ̀nà ọkọ̀ ayára-bí-àṣá. Ẹni tó wọ ọkọ̀ yẹn lónìí kò ní mọ̀ pé Eegun Toton ló la ọ̀nà fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ jọ sí Alizay, ní Normandy, tí ìpẹtà ń jẹ wọ́n. Díẹ̀ ṣì kù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń tún 58016 ṣe.

Ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Ratcliffe jó èédú rẹ̀ ìkẹyìn, òun ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná elédùú tó kẹ́yìn ní gbogbo Bìrìtìkó. Bàbá ní kí n mú òun lọ. A wọ ọkọ̀ láti Long Eaton, a sọ̀ ní East Midlands Parkway, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló wà. Ilé gogoro mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí wọ́n fi ń tu omi dúró gàgàrà lókè orí wa. A dúró pẹ́, bàbá kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ nà sí ibi tí ojú irin ti máa ń yí po.

"Ibẹ̀ yẹn," ó ní, "ibẹ̀ ni mo ti máa ń jẹ búrẹ́dì mi. Ó máa ń rìn jẹ́jẹ́ débi pé tíì mi kì í dà."