Kì í ṣe máṣìnì ló bàjẹ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni èmi àti máṣìnì ìránṣọ mi fi jà. Bí mo bá ti tẹ pẹ́dà, á rán bí ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ geere, lẹ́yìn náà á dún gbàgà, aṣọ ò ní kúrò lójú kan mọ́. Tí mo bá yí aṣọ náà padà, màá bá òwú lábẹ́ rẹ̀, wúruwùru bí ìtẹ́ ẹyẹ. Mo pààrọ̀ bọ́bìnì, ìyẹn róòlù kékeré tí òwú ìsàlẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo tú ibi tí bọ́bìnì ń gbé, mo nù ún, mo tún un tò. Mo yí nọ́ńbà tó ń mú òwú le láti 4 dé 7, mo tún dá a padà sí 2. Nígbà tó yá, mo gbà pé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni, mo da aṣọ bo máṣìnì náà, mo bá tèmi lọ.

Ibi tí òwú náà ti ń dàrú ló tàn mí jẹ. Nítorí pé abẹ́ aṣọ ni, mo rò pé òwú ìsàlẹ̀ ló lẹ́bi. Òwú òkè ni! Nínú máṣìnì, àárín àwọn irin pẹlẹbẹ kan ni òwú òkè ń gbà kọjá, àwọn ló sì ń fún un kó má bàa dẹ̀ jù. Bí ẹsẹ̀ máṣìnì, ìyẹn irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, bá wà nísàlẹ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn á ti pa ẹnu dé. Òwú ò ní ráàyè wọ àárín wọn, ẹ̀bá wọn ló máa gbà kọjá. Kò wá sí ohun tó dì í mú, gbogbo rẹ̀ á rọ́ lọ sábẹ́ aṣọ. Èmi sì rèé, ṣe ni mò ń sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ kí n tó fi òwú sí i, torí lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà létòlétò. Lọ́jọ́ tí mo gbé e sókè tí mo tún òwú fi láti ìbẹ̀rẹ̀, ìrán náà lọ bí ìgbà tí èèyàn ń fi rúlà fa ìlà. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi.

Látìgbà náà, bí nǹkan bá ti dàrú, mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan mọ́. Ẹsẹ̀ sókè, kí n fa òwú yọ, kí n tún un fi. Tí kò bá gbọ́, ó di abẹ́rẹ́. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Tinú máṣìnì náà ò ṣe é fojú di. Ẹ̀gbẹ́ kan lára rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn ni ẹ̀gbẹ́ yẹn sì máa ń kọjú sí nínú ọ̀pọ̀ máṣìnì ilé. Bí ẹ bá fi í sódì, á máa fo ìrán. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń dún tọ́-tọ́-tọ́ bó ṣe ń wọnú aṣọ, ó ti kú nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èmi ò jẹ́ kó ju bíi wákàtí mẹ́jọ ìránṣọ lọ. Nọ́ńbà ara abẹ́rẹ́ ló ń sọ bó ṣe nípọn tó: 80/12 ló bá aṣọ òwú tí kò nípọn jù mu, 100/16 ni mo ń fi rán jíìnsì. Aṣọ tó ń fà bíi rọ́bà nílò abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣe roboto díẹ̀, tó ń ya àárín fọ́nrán dípò kó gún un já.

Ohun tí mo kọ́kọ́ dáwọ́ lé ni kaba olápá tó ní síìpù lẹ́yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ṣì wà nínú àpò kan, kò lápá. Àpò ìrọ̀rí ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀, ìlà gbọọrọ lásán ni. Àní kí ẹ tó dé ìdí ìyẹn pàápàá, ẹ yọ òwú kúrò, ẹ fi abẹ́rẹ́ tó ti kú rán orí ìlà inú bébà ìwé. Ẹ má wo abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ ti ń rán, ìlà tó wà lára irin abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí etí aṣọ máa tọ̀. Ẹ má sì fa aṣọ. Eyín kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé e lọ. Bí ẹ bá ń fà á, abẹ́rẹ́ á tẹ̀, á lu irin, á kán.

Ṣòkòtò onírọ́bà ni mo rán tẹ̀ lé ìrọ̀rí, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni mo sì dá lórí rẹ̀. Mi ò fọ aṣọ náà kí n tó gé e. Lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di ti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Èkejì ni pé mo fẹ́ ṣọ́ aṣọ ná, mo gé ẹsẹ̀ kan ní ìdágun, kì í ṣe ní òòró, kó lè gba ibi tó ṣẹ́kù. Aṣọ kì í fà púpọ̀ ní òòró, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gé e ní ìdágun, ó ń fà gan-an. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò yẹn lọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ojú rírán ẹ̀gbẹ́ bọ́ síwájú orúnkún.

Áyọ́ọ̀nù nìkan ni màá tún mẹ́nu bà. Mo rò pé ìgbà tí aṣọ bá parí ni wọ́n ń lọ̀ ọ́. Rárá o. Ojú rírán kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tẹ̀ kí òmíràn tó kọjá lórí rẹ̀. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ẹ gbé e kúrò, ẹ má wọ́ ọ.

Bí oorun bá ti ń kùn mí, mi ò rán apá mọ́ aṣọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lóru ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rán apá kan náà sódì, tí mo sì ń tú u. Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má ju èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rán nù. Àpò ìrọ̀rí mi àkọ́kọ́ rèé, ìlà rẹ̀ wọ́, igun kan gùn ju èkejì lọ. Orí rẹ̀ ni mo ń sùn lálaalẹ́.