Ètò Ìwé Kíkà Fún Ọdún Tuntun: Ìdí Tí N Kì Í Fi Iye Ìwé Ṣe Àfojúsùn

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń parí lọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì á kún fún iye ìwé tí kálukú fẹ́ kà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnì kan á ní méjìlá, ẹlòmíì á ní méjìléláàádọ́ta, ìyẹn ìwé kan lọ́sẹ̀ kan, ẹlòmíì á gbé e dé ọgọ́rùn-ún. Láti ọdún 2011 ni Goodreads, ìkànnì àwọn òǹkàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa kéde iye tiwọn lọ́dọọdún. Àṣà náà ti wọ̀ wá lára débi pé béèyàn bá ní òun fẹ́ túbọ̀ máa kàwé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi í ni pé, "Mélòó?"

Èmi kì í dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé nílùú òkèèrè, mo sì nífẹ̀ẹ́ ìwé dọ́kàn. Ohun tí mo ti rí ni pé iye ìwé kì í ṣe òṣùwọ̀n tó yẹ àwa tí a fi ilé sílẹ̀. Ńṣe ló máa ń tì wá kúrò nídìí ìwé tó yẹ ká kà jù, táá sì tì wá sídìí èyí tó tètè ń parí.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ìwé kan lè ní ojú ìwé 90, òmíì lè ní 700. Lójú ẹni tó ń ka iye, ọ̀kan lọ̀kan. Bó bá wá di oṣù Kẹwàá tí iye tó kù ṣì pọ̀ nílẹ̀, ta ni yóò gbé èyí tó nípọn? Èyí tó fẹ́lẹ́ ni gbogbo èèyàn á máa wá kiri. Ìwé ìtàn ìlú tí à ń gbé, tó gùn, tó sì ń béèrè sùúrù, á wà lórí pẹpẹ. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ìwé tí wọ́n fi èdè wa kọ á wà lórí pẹpẹ yẹn pẹ̀lú rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ ìwé èdè wa yìí, torí òun gan-an ló mú mi gbé kálàmù. Ọ̀pọ̀ wa là ń sọ Yorùbá láìkọsẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kàwé jù láti kékeré. Etí mọ Yorùbá, ẹnu mọ̀ ọ́n, ojú ni kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ka ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tán ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fi lè lo ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ojú ìwé Yorùbá kan ṣoṣo. Ojú á kan ọ̀rọ̀ gígùn kan, á dúró. Àmì ohùn wà lókè, àmì wà nísàlẹ̀, èèyàn á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Tó bá wá jẹ́ ìwé tí òǹtẹ̀wé kò fi àmì kankan sí, àfi kéèyàn ka gbólóhùn náà dópin kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àárín rẹ̀ dorí kọ. Kì í ṣe pé ẹni náà ò mọ èdè rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kò tíì rìn lójú ọ̀nà yẹn tó.

Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń kà á síta. Lálẹ́, tí a bá ti jẹun tán, tí a ti palẹ̀ mọ́, màá jókòó sórí àga tó wà lábẹ́ iná, màá fi ìka tọ ìlà, màá máa kà á jẹ́jẹ́. Ibi tí ojú bá ti ṣe iyèméjì, ẹnu á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú orí àkọ́kọ́, mo lè ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn rẹ̀ tó jókòó. Tó bá fi máa di orí kẹta, ìka á ti kúrò lábẹ́ ìlà, mi ò sì ní mọ ìgbà tó kúrò. Lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí, ọmọ mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ̀ lórí tábìlì. Mo rò pé ọkàn rẹ̀ wà níbi ohun tó ń kọ. Nígbà tó yá, kò gbé bírò mọ́. Mo ka ojú ìwé kan parí, mo sì fẹ́ pa ìwé dé, ló bá ní, "Mọ́mì, ṣé ìyàwó yẹn padà sílé?" Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí, Yorùbá ni mo fi dá a lóhùn, mo ní kó jẹ́ ká ṣí ìwé wò ó. A kà á dé ibi tí ìyàwó náà padà sílé.

Ojú ìwé tí mo kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò pọ̀ rárá. Tó bá jẹ́ pé iye ìwé ni mo fi ṣe àfojúsùn, mi ò bá má tilẹ̀ gbé ìwé náà, torí ó máa fà mí sẹ́yìn.

Nítorí náà, àkókò ni mo máa ń dá lé, mi ò kì í dá iye lé. Ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́. Ó dà bíi pé ó kéré, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lọ́dún 2019, Marc Brysbaert, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù, kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí bí àgbàlagbà ṣe ń yára ka Gẹ̀ẹ́sì sínú. Ohun tó rí ni pé ó jẹ́ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 238 ní ìṣẹ́jú kan fún ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, àti nǹkan bí 260 fún ìtàn àròsọ. Ojú ìwé kan sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ bíi 250 sí 300. Bí a bá wá ro ti àárẹ̀ àti ti fóònù tó ń dún mọ́ ọn, tí a ní ojú ìwé mẹ́wàá péré ni ogún ìṣẹ́jú gbé, ojú ìwé 3,650 ni lọ́dún. Ìyẹn ju ìwé méjìlá tó ní ojú ìwé 300 lọ. Kódà bí ọjọ́ 65 bá lọ láìka nǹkan kan, ojú ìwé 3,000 ṣì wà ńbẹ̀, ìyẹn ìwé mẹ́wàá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ìwé Yorùbá ló wà lọ́wọ́ ńkọ́? Ogún ìṣẹ́jú yẹn lè má ju ojú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Kò sí wàhálà ńbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú pé, àfojúsùn ọjọ́ náà pé. Ìwé tó gùn, ìwé tó le, ìwé èdè abínibí, gbogbo wọn wá dọ́gba níwájú aago.

Ìṣòro tó kù ni ibi tí a ti máa rí ogún ìṣẹ́jú náà. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ lókè òkun mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀sẹ̀ yìí iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ iṣẹ́ òru, èèyàn á délé nígbà táwọn ará ilé ń jáde. Kò wúlò ká sọ pé "aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni màá máa kàwé" nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kejì. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó jẹ́ ará Jámánì, ti kọ̀wé lọ́dún 1999 pé ẹni tó bá so ìpinnu rẹ̀ mọ́ ohun pàtó kan tó máa ń ṣẹlẹ̀ ("bí eléyìí bá ti ṣẹlẹ̀, eléyìí ni màá ṣe") máa ń mú un ṣẹ ju ẹni tó kàn ní òun fẹ́ ṣe é lọ. Bó ṣe wà fún mi nìyẹn. Bí mo bá ti rí ìjókòó nínú ọkọ̀ ojú irin, yálà àárọ̀ ni tàbí òru, ìwé ni màá kọ́kọ́ yọ kí n tó fọwọ́ kan fóònù. Aago iṣẹ́ lè yí bó ṣe wù ú, ọkọ̀ ojú irin ò yẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lè so tiẹ̀ mọ́ àkókò ìsinmi níbi iṣẹ́, tàbí mọ́ ìgbà tó ń dúró de ọmọ níta iléèwé.

Ọ̀rọ̀ oṣù Kìíní náà tún wà ńlẹ̀. Tó bá fi máa di òpin oṣù náà, ọ̀pọ̀ èèyàn á ti pa ètò wọn tì, wọ́n á ní ó ti bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ó yá jù. Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọ èèyàn 96 lẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, kálukú wọn ló yan ohun kan tó fẹ́ sọ di àṣà. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2010, nǹkan bí ọjọ́ 66 ló gbà kí nǹkan náà tó mọ́ni lára, àmọ́ ti ẹnì kan kò ju ọjọ́ 18 lọ, wọ́n sì ṣírò ti ẹlòmíì dé 254. Wọ́n tún rí i pé ọjọ́ kan tó fò kò ba ohun tó ti wà nílẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ọdún, ọjọ́ keje oṣù Kẹta ni ọjọ́ 66 máa pé e. Kí ló wá kan ẹjọ́ tí à ń dá fún ara wa lópin oṣù Kìíní?

Bí ọdún tuntun bá tilẹ̀ ti kọjá lọ, ọjọ́ mìíràn wà. Hengchen Dai, Katherine Milkman àti Jason Riis fi hàn lọ́dún 2014 pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù àti ọjọ́ ìbí náà máa ń fún èèyàn lágbára láti bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi ní ọjọ́ kan tí àwọn ẹlòmíì kò ní: ọjọ́ tí a gúnlẹ̀ síbí. Ọjọ́ yẹn ni obìnrin kan tí mo mọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé kíkà rẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì bá a mu dáadáa.

Nípa irú ìwé tó yẹ ká kà, mo ní èrò tó lágbára lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa níbí, ìwé ìdánwò àti ìwé iṣẹ́ nìkan là ń kà. Ìwé àṣẹ iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí tuntun torí pé wọn ò gba ti ilé, ìdánwò láti di ọmọ ìlú. Mi ò bú u, òun ló ń gbé oúnjẹ wá. Àmọ́ ẹni tó bá ń ka ìyẹn nìkan, bó pẹ́ bó yá, ara rẹ̀ á máa kọ ìwé. Mo máa ń rí i dájú pé ìwé kan wà tó jẹ́ pé fún ìgbádùn lásán ni, tí kò ní sọ mí di ọ̀gá ibi kankan. Ẹ má sì jẹ́ kó ni yín lára láti pa ìwé tí kò wọ̀ yín lọ́kàn dé láàárín méjì. Mo tún gbà pé ó yẹ ká ka ìwé tí àwọn onílùú fúnra wọn kọ nípa ìlú wọn. Èèyàn lè máa kí aládùúgbò fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ ohun tí ojú ìran rẹ̀ ti rí, ìwé kan péré ló sì máa la ọ̀rọ̀ yẹn.

Owó kọ́ ló yẹ kó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ lọ gba káàdì ilé ìkàwé ìjọba ládùúgbò yín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé. Bí ìwé tí ẹ fẹ́ ò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé máa ń bá èèyàn yá a láti ilé ìkàwé míì, wọ́n sì máa ń gba orúkọ ìwé tí ará àdúgbò bá fẹ́ kí wọ́n rà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ìwé Yorùbá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè, wọ́n á gbà pé ẹnikẹ́ni ò nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló tún ń yá ìwé jáde lórí fóònù nípasẹ̀ áàpù kan tó ń jẹ́ Libby, káàdì yẹn náà ló ń ṣí i. Àwọn ìwé àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ oní-nǹkan ti tán lórí wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Project Gutenberg, tó ti wà láti ọdún 1971, bẹ́ẹ̀ ni LibriVox, láti ọdún 2005, ń gbé èyí tí àwọn èèyàn fínnúfíndọ̀ kà sínú ohùn jáde. Àwọn kan ní ìwé àtẹ́tígbọ́ kì í ṣe kíkà. Mi ò gbà. Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá, tí ìtàn ń wọ etí rẹ̀, òǹkàwé ni. Ìwé Yorùbá nìkan ni mo máa ń fẹ́ fojú kà, kí ojú lè mọ̀ ọ́n.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fi ń ṣàkọsílẹ̀: ọjọ́, orúkọ ìwé, ojú ìwé tí mo dúró sí, gbólóhùn kan tó dùn mọ́ mi. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà nílé ti gbà láti ka ìwé Yorùbá kan náà pẹ̀lú mi. Òun á ka orí kan, á fi fọ́nrán ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èmi á ka èyí tó tẹ̀ lé e padà sí i. Bùọ̀dá mi ti kìlọ̀ pé bí mo bá pe ọ̀rọ̀ kan lọ́nà òdì, òun á dá mi dúró kí n tún un pè, mo sì ti ní kó má ṣàánú mi. Ìwé ti wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì báyìí. Òun ló ní orí àkọ́kọ́, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ló sì dá fún mi.