Ẹran Iléyá, fíríìjì, àti àpótí ìyá ọkọ mi

Ẹni tó bá rántí oṣù kẹfà ọdún 2025 á mọ̀ pé ìjọba fún wa ní ọlidé lọ́sẹ̀ yẹn bí ẹni ń pín sàráà. Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà, Iléyá. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, Iléyá náà ni. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa. Olùkọ́ ni mí níbí ní Iléṣà, inú mi sì dùn débi pé mo ti to ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì sórí tábìlì. Mi ò máàkì ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ fíríìjì ni mo fi gbogbo ọlidé náà bá kiri.

Kírísítẹ́nì ni wá nílé wa, a kì í pa àgbò. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá, ilé ẹni tí kò pa àgbò ni ẹran máa ń kún sí jù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ Mùsùlùmí gbé odidi itan kan wá. Alhaja ẹ̀yìnkùlé wa gbé abọ́ méjì wá. Onílé wa àtijọ́ ní Ìmọ̀ rán ọmọ, òbí àwọn ọmọ ilé ìwé méjì náà rán ọmọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹran ilé márùn-ún ló wà nílẹ̀, tútù àti díndín. Mo ń tì wọ́n bọ inú fíríìjì bí ọmọ ọkọ̀ tó ń sọ fún èrò pé kí wọ́n sún síra. Apá kan ẹran náà ṣì ń gbóná, mo kàn dé e pa ni.

Lóru Jímọ̀ mọ́jú Sátidé ni mo gbọ́ ọ. Ó ṣe kìrìrì, ó ta kẹ́, ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún ṣe kìrìrì, ó ta kẹ́, ó dákẹ́. Bàbá àwọn ọmọ ní iná ni kò tó. Lóòótọ́, gílóòbù pálọ̀ pọ́n bí epo lóru ọjọ́ náà. Mo fara mọ́ ọn torí pé ó rọrùn láti fara mọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́ yẹn. Láti ọdún Àjíǹde ló ti ń ṣe é, ọ̀sẹ̀ méje gbáko. Gbogbo ìgbà tó bá ṣe é, ohun tí mo máa ń sọ ni pé jẹ́ kí ọlidé dé, màá pe ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe. Ọlidé dé lóòótọ́. Òun náà ti lọ ọlidé. Ìgbà tí mo pè é ní àárọ̀ Sátidé, mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ kú ọdún o. Ìwó ni mo wà lọ́dọ̀ àwọn òbí mi, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.” Mo bínú sí i. Mo pa fóònù náà, mo sì ń sọ fún ọkọ mi pé iṣẹ́ ò jẹ àwọn ọmọ ìsinsìnyí lógún. Èmi tí mo ti ń ka ọlidé mẹ́ta lórí ìka láti oṣù karùn-ún! Ó wá dà bí ẹni pé ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé pé kí gbogbo ayé sinmi àyàfi ẹni tí mo nílò.

Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ni kò mikàn. Ó bi mí pé, “Ṣé kí fíríìjì tó dé, koríko là ń jẹ?” Ó ní kí wọ́n kó ẹran náà síta. A bọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyọ̀ àti àlùbọ́sà, a dà á sínú epo gbígbóná nínú agbada, a dín in títí ó fi gbẹ pátápátá. Èyí tó kù, ó ní ká máa sè é láàárọ̀ ká máa sè é lálẹ́. Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ kí n tó sùn, irun orí mi ń rùn bí ti ìyá ẹlẹ́ran díndín, ṣùgbọ́n ẹran kan ò bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibí yìí sọ́kàn, torí pé láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò sí ohunkóhun tó ń lé mi mọ́. Ẹran ti bọ́. Mo lè dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ojú tì mí láti dúró ni. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa máa pàdé nílé mi lọ́jọ́bọ̀, torí ọlidé náà la ṣe fi í síbẹ̀. Mo wá ń rò ó pé kí gbogbo wọn máa mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nílé mi, kí ìyàwó alága wa, tó ní fírísà méjì, máa wo ẹnu mi. Ohun tó ná mi lówó nìyẹn. Kì í ṣe fíríìjì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fà Bàbá àwọn ọmọ dìde, a lọ sí apá Ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló tì. Ọ̀kan péré la rí tó ṣí, mo sì sọ nínú ara mi pé Ọlọ́run ló ṣí i dè mí. Ibi tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ń tajà, òun ló máa ń bu iye. Ó pe fíríìjì onílẹ̀kùn méjì kan ní ₦210,000, mo nájà títí a fi fi í sí ₦185,000, mo rò pé mo ti gbọ́n. “Tòkunbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni, Mà. Òyìnbó kan péré ló lò ó.” Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó ki í bọ iná, ó tutù nínú ìṣẹ́jú díẹ̀. Àpótí irin kan wà nílẹ̀ láàárín fíríìjì náà àti iná. Mo rí i. Mo rò pé sítábíláísà ni.

(Ọmọ mi ọkùnrin sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àlòkù fíríìjì wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù kò fẹ́ kó wọ orílẹ̀-èdè yìí rárá. Mo ní kí ó wá bá mi rìn gba ìgboro Iléṣà kó wá wò ó.)

Ká tó gbé e wọlé, ààyè kò tó. Ọmọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri ra irin àlòkù ń kọjá lọ, mo ta fíríìjì mi àtijọ́ fún un ní ₦12,000, fíríìjì tí a rà lọ́dún tí a ṣègbéyàwó. Ìyá wò wá, kò sọ̀rọ̀. A ti fi tuntun náà dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ọjà wá sílé. Bí a ṣe gbé e nàró báyìí ni mo ki í bọ iná.

Ó dún pàà. Èéfín díẹ̀ jáde nísàlẹ̀. Ó parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó ń tún un ṣe dé láti Ìwó, ó gbé ẹran wá fún wa pàápàá, ojú sì tì mí. Kò tíì tú nǹkan kan tó fi ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì náà, tó fi tọ́ọ̀ṣì wo ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú. Ó ní kí n kà á. 115V, 60Hz. Ó ní, “Mọ́mì, ti Amẹ́ríkà nìyí. Iná tiwa, 230 ni, 50Hz.” Àpótí irin tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ tó ń dín iná kù sí 110 ni, kì í ṣe sítábíláísà. Wọ́n ti gé ẹnu wáyà rẹ̀, wọ́n fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa síbẹ̀. Bí wọn kò bá gé e ni, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjèèjì tí ti Amẹ́ríkà máa ń ní ì bá ti tú wọn fó.

Ó wá bèèrè fíríìjì àtijọ́. A sọ fún un. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe náà jókòó sílẹ̀. Ó ní òun ò lè búra fún ohun tí òun ò fojú rí, ṣùgbọ́n kìrìrì-kẹ́ tí mo ń sọ yẹn, rìléè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ni òun ì bá kọ́kọ́ pààrọ̀, nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Iná tí kò tó máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbìyànjú kó má lè dìde, kó máa gbóná, kí ohun tó ń ṣọ́ ọ sì gé e kúrò. Iye owó rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ òun, ₦6,000.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, mo tún lọ lọ́jọ́rú. Ọkùnrin náà ní iná ilé mi ló jó o. Ó ní kí n ka ìsàlẹ̀ rìsíìtì: ọjà tí a bá ti tà kò ní ìpadà. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà, pé ìkọ̀wé ìsàlẹ̀ rìsíìtì kò lè sọ ọjà tí kò wúlò di ohun tí a gbọ́dọ̀ gbé mì. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ilé ìjọba wo ni mo fẹ́ lọ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà?

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá ọkọ mi wẹ̀, ó wọ bùbá àǹkárá, ó ní kí ọmọ mi gbé àpótí ìdáná òun tẹ̀ lé òun. Bàbá ìyá yìí, òṣómàáló ni. Aṣọ ló ń gbé lọ tà ní àwìn láàárín àwọn ará Àkókó, tí ọjọ́ ìsanwó bá pé, á padà lọ lóòṣó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ra àwìn: òṣó ni mo máa ló títí n ó fi gba owó mi. Ohun tí àwọn èèyàn fi ń ṣe Ìjẹ̀ṣà yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Orúnkún ìyá kò gba òṣó mọ́, ìdí nìyí tó fi gbé àpótí dání.

Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Ó ní, “Ọmọ mi, o kú ọjà. Mi ò wá jà. Mo ti jẹun nílé, mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ìgbà tó bá wù ọ́ ni kí o fún wa lówó wa.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Oníbàárà kan yọjú. Ìyá kí i tẹ̀ríntẹ̀rín: “Ẹ káàbọ̀ o. Fíríìjì lẹ wá rà? Ẹ bi í bóyá ti 110 ni o, tiwa gbiná.” Oníbàárà náà ní òun ń bọ̀. Èkejì dé, ìyá tún kí i. Ìgbà tó fi máa di ọ̀sán, ọkùnrin náà ti ń dọ̀bálẹ̀: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, ẹ má bà mí lọ́jà jẹ́.” Ìyá ní, “Ìjókòó ni mo jókòó, ọmọ mi, mi ò ba nǹkan kan jẹ́.” Ó san ₦100,000 lójú ẹsẹ̀, ó fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí báńkì mi lọ́jọ́ kejì. Ó gbé òkú fíríìjì rẹ̀. ₦35,000 tó kù, mo kà á sí owó ilé ìwé.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo ra yìnyín ₦500 sínú kúlà. Gbogbo wọn mu omi tútù, wọ́n jẹ ẹran díndín náà tán, kò sẹ́ni tó bèèrè fíríìjì.

Oṣù kẹjọ ni mo tó ra òmíràn, lọ́jọ́rú kan tí kò sí ọdún kankan nítòsí, ẹni tó ń tún un ṣe sì bá mi lọ, mo fún un lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Kékeré ni, onílẹ̀kùn kan, tuntun láti inú páálí. Ó ka ìwé ara rẹ̀ kí n tó sanwó. Ó fi bébà há ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní kí n fà á: bí bébà bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìjanpata, rọ́bà rẹ̀ kò dì, atẹ́gùn gbígbóná á máa wọlé. Ó ní kí wọ́n gbé e ní ìnàró nínú ọkọ̀. Bí ó bá di dandan kó dùbúlẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró fún wákàtí mélòó kan nílé, kí òróró tó wà nínú kọ̀ńpírẹ́sọ̀ lè ṣàn padà, kí ẹ tó ki í bọ iná. Gáàsì inú rẹ̀ ni R600a, èyí tó lè gbiná, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jó irin lẹ́yìn rẹ̀ tàbí tó ní òun á rọ gáàsì mìíràn sí i, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Sítábíláísà tí a rà fún un kì í jẹ́ kí iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí NẸ́PÀ bá mú un wá. Ó máa ń dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn ọmọ máa ń rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹran gbígbóná kì í wọ ibẹ̀ mọ́, bó ṣe itan àgbò ni o.

Bí ohun èlò kan bá ń dún lọ́nà tí kì í gbà dún tẹ́lẹ̀ nílé yín, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí ó tó di pé gbogbo yín jọ lọ ọlidé. Èmi ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà: ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kí a fa fíríìjì kúrò lára ògiri, kí a gbá eruku ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹni tó ń tún un ṣe wá gbọ́ bó ṣe ń dún kí Kérésìmesì tó dé.

Àpótí ìyá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, a gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbowó. Ọkùnrin náà ti pè wá lẹ́ẹ̀mejì pé kí a wá gbé e. Ìyá ní kò sí kánjú, kó ṣì wà níbẹ̀ ná.