Ṣé dandan ni yunifásítì? Ọ̀rọ̀ mi fún ẹ̀yin tó ń parí girama

Ẹ̀yin àbúrò mi, tí ọmọ bá ti wọ SS3, gbogbo ẹbí ló máa ń bi í pé yunifásítì wo ló fẹ́ lọ. Ìyá á bi í, ẹ̀gbọ́n bàbá á bi í, aládùúgbò tí kò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa náà á bi í. Ẹni tó máa jókòó tì í, kó bi í pé kí ló fẹ́ fi ìwé náà ṣe, ló ṣọ̀wọ́n. Ìgbà tí ọmọ ò tíì mọ nǹkan kan ni wọ́n sì máa ń fẹ́ kó dáhùn. Fọ́ọ̀mù JAMB máa ń jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún, UTME, ìdánwò JAMB fúnra rẹ̀, máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù kẹrin, WAEC náà á ti gbérí nígbà yẹn, èsì rẹ̀ sì lè má jáde títí di oṣù kẹjọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á ti yan ohun tó fẹ́ kà kó tó mọ̀ bóyá òun yege ìṣirò.

Èmi kàwé o, ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ fún yín pé ìwé ò dáa. Mo ṣe ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní pólì, lórí iná mànàmáná, mo lọ IT, ìyẹn ìdánrawò tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ ṣe nílé iṣẹ́, mo ṣiṣẹ́ díẹ̀, mo padà lọ ṣe HND tó tẹ̀ lé ND, mo sì ṣe àgùnbánirọ̀. Iṣẹ́ sólà àti inverter ni mò ń ṣe báyìí. Àwọn tó ní dígírì àti àwọn tí kò parí girama la jọ ń ṣiṣẹ́ lórí òrùlé kan náà. (Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin ni mí, mo sì ń gun òrùlé. Ẹni tí ìyẹn bá yà lẹ́nu, kó wá bá mi di àkàbà mú.)

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ní kẹ́ ẹ wádìí ni bóyá òfin dúró sẹ́nu ọ̀nà iṣẹ́ tó wù yín. Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, tí kò bá níwèé, ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà máa lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, á tún fi ọdún kan ṣe housemanship, ìyẹn ìdánrawò nílé ìwòsàn, kí MDCN, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà, tó fún un níwèé àṣẹ tó pé. Ẹni tó fẹ́ ṣe lọ́yà máa lo ọdún márùn-ún, á sì tún gba Law School kọjá. Nọ́ọ̀sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, apòògùn ní tirẹ̀, olùkọ́ náà ní TRCN. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ló wù yín, ẹ má wulẹ̀ jókòó jiyàn bóyá ilé ìwé wúlò, ẹ lọ kàwé.

Àwọn iṣẹ́ míì wà tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìwé níbẹ̀: aránṣọ, onífọ́tò, ẹni tó ń ṣe kéèkì, ẹni tó ń kọ software fún àwọn oníbàárà. Èyí tẹ́ ẹ ṣe lánàá ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fi han àwọn. Àárín méjèèjì ni wàhálà wà, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wa máa bọ́ sí: èèyàn lè mọ iṣẹ́ náà láìníwèé, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n fi ń ṣí géètì. Ẹ wo iṣẹ́ ọba. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀ ni pé oní-ND á wọlé ní ìpele 06, oní-HND ní 07, oní-dígírì ní 08, oní-HND kì í sì í kọjá ìpele 14. Ariwo ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀, àwọn aṣòfin ti dá sí i, ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọba ṣì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó tó yan pólì.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí mo ti ṣe IT ni mo ti rí bí géètì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá yẹn ò parí girama, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tirẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ títí ó fi gba fíríìdọ̀mù. Tí oníbàárà bá sọ pé òun fẹ́ fi inverter 3.5kVA gbé fáànù, fíríìsà àti mọ́tò omi pọ̀, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mọ́tò omi yìí á dá a kú." Kì í sì í purọ́. Mọ́tò omi 1 HP, 746 wáàtì ni lórí ìwé, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, iná tó máa fà lè tó ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kíláàsì ni mo ti mọ nọ́ńbà yẹn. Òun mọ̀ ọ́n láti ara àwọn inverter tó ti kú lójú rẹ̀, tòun sì ni oníbàárà ń gbọ́.

Ilé iṣẹ́ kan wá fẹ́ gbé sólà sórí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní kí ọ̀gá mú ìṣirò iná tí gbogbo ẹ̀rọ wọn ń jẹ wá, pẹ̀lú àwòrán bí wáyà ṣe máa rìn, àti òǹtẹ̀ ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó gbé lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹnjiníà wa, bá mi dá èyí lóhùn." Mo ṣe ìṣirò, mo ya àwòrán. Ó wá ku òǹtẹ̀, ọmọ ND kò sì ní i. Wọ́n wá ẹnjiníà kan rí, ó yẹ iṣẹ́ mi wò, ó tún ibì kan ṣe, ó tẹ òǹtẹ̀, ó gba owó gidi, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwa la gun òrùlé nínú oòrùn ọ̀sán. Inú ọ̀gá ò dùn sí iye tó san, èmi náà ò sì bá a jiyàn, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí iye tí ìwé kan lè pa láìgbé screwdriver.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ò wá mọ̀ ni pé àwọn náà ní ìwé tiwọn. COREN ń forúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, ó ń forúkọ technician àti technologist náà sílẹ̀, kò fi mọ sórí ẹnjiníà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Trade Test, NABTEB ní ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ lóríṣiríṣi, NEMSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò iná mànàmáná, sì máa ń dán oníwáyà wò kó tó fún un níwèé ẹ̀rí. Ẹni tó bá yan iṣẹ́ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ tán kó wá jókòó láìgba ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà pólì díẹ̀, torí mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń yínmú sí i nílé. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó ní ibi tí èèyàn lè sọ̀kalẹ̀ sí. Ọdún méjì, ND ti bọ́ sí yín lọ́wọ́. Tówó bá tán, ẹ lè ṣiṣẹ́. Tí yunifásítì bá ṣì wù yín, ẹ lè gba Direct Entry wọ 200 level. Ẹ sì lè padà wá ṣe HND. NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, náà rí bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́ta ni, ìwé tó dúró láyè ara rẹ̀ ni. Yunifásítì ní tirẹ̀ dà bí ọkọ̀ tí kì í dúró títí yóò fi dé Kánò. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní 300 level, tówó tán, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fi wáṣẹ́ ju WAEC tó gbé wọlé lọ. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lẹ́yìn ND. Ìwé ND yẹn ló fi rí iṣẹ́ nídìí òpó tẹlifóònù, iṣẹ́ yẹn ló sì fi ran àwọn àbúrò rẹ̀ níwèé. Tí ilé yín bá jẹ́ ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ń bọ́, ẹ ro èyí dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ pé pólì ò wù yín.

Ṣùgbọ́n IT tó yẹ kó jẹ́ kí ọmọ pólì mọṣẹ́, àwọn kan wà tó jẹ́ pé logbook wọn nìkan ló lọ. Wọ́n á jókòó sílé, ẹ̀gbọ́n kan á máa bá wọn buwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ pólì rárá.

A máa ń sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, a kì í sọ̀rọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ọdún ló wọ́n jù. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni. Ẹni tó wọ yunifásítì ìjọba ní 2019 bá méjèèjì pàdé. Ẹ fi ọdún tí ọmọ fi jókòó sílé de JAMB ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta kún un, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe lásìkò náà. Tó bá jẹ́ pé fóònù nìkan ló ń tẹ̀, ọdún yẹn ti wọ́n ju owó ilé ìwé lọ.

Ìbẹ̀rù tó ń mú ọ̀pọ̀ yín kánjú ni pé àwọn ẹgbẹ́ yín á fi yín sílẹ̀. Gbèdéke gidi kan ni mo mọ̀, òun ni pé NYSC kì í gba ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde ilé ìwé. Ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sì dẹ́ṣẹ̀. Èsì UTME, ọdún kan péré ni wọ́n ń lò ó, àmọ́ èsì WAEC kì í kú. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó wá wọ pólì ní ogún ọdún, ó lè parí HND ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa ṣiṣẹ́ kó máa kàwé, National Open University wà, wọn ò sì ń béèrè máàkì UTME níbẹ̀.

Ti owó, NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ti wà láti 2024 fún àwọn ilé ìwé ìjọba. Ilé ìwé ni wọ́n máa ń san owó ìwé fún, wọ́n sì lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù fún ìjẹun. Ẹ̀yáwó ni, kò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni sísan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé owó ilé gbígbé, owó ọkọ̀ àti owó project ṣì wà níta o. Tí bàbá yín bá sì ti ń sọ pé òun máa ta ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn kí wọ́n tó tà á nípa bóyá kọ́ọ̀sì yẹn wù yín. Ẹ wá àsìkò tí ara wọ́n balẹ̀, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ kọ iye ọdún àti iye owó sórí ìwé. Bàbá tó máa bínú sí "mi ò lọ mọ́" lè fara balẹ̀ gbọ́ "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ND, ẹ̀yin ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ ná."

Èyí tí wọ́n máa ń bi mí jù ni ti kọ́ọ̀sì tí wọ́n fúnni tí kì í ṣe ohun téèyàn béèrè. Ọmọ yan Medicine, wọ́n fún un ní Botany. Gbogbo ilé á ní kó ṣáà gbà á. Wọ́n á ní tó bá dé 200 level á sọdá. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka náà, kẹ́ ẹ béèrè iye ọmọ tó sọdá lọ́dún tó kọjá. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń tù yín nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá nínú kọ́ọ̀sì yẹn, ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ṣe IT. Tí wọ́n bá dárúkọ ilé iṣẹ́ ìwádìí, oko ńlá, ilé iṣẹ́ oúnjẹ, a jẹ́ pé ọ̀nà wà níbẹ̀, ẹ lè gbà á tọkàntọkàn. Tí wọ́n bá ń wojú ara wọn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ní tèmi o, kàkà kí ọmọ ka ohun tí kò fẹ́ fún ọdún mẹ́rin kí ẹgbẹ́ má bàa fi í sílẹ̀, kó kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan kó sì tún JAMB ṣe.

Tẹ́ ẹ bá sì ti pinnu láti gba àyè tí wọ́n fún yín, ẹ má jẹ́ kí àìbìkítà gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ rí i pé èsì WAEC yín ti wọ orí CAPS, ìkànnì JAMB tí wọ́n fi ń fúnni láyè wọlé, ẹ má sì fọkàn tán oníkáfíè pé ó ti ṣe é, ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ ACCEPT lórí rẹ̀. Ẹni tí kò tẹ̀ ẹ́ kò tíì gba nǹkan kan.

Ẹni tó bá sì ti wà ní 200 level, tó ń rò ó pé kóun fi í sílẹ̀ torí owó tàbí torí iṣẹ́ kan tó yọjú, kó má kàn sá lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka yín bí wọ́n ṣe ń gba àyè láti sinmi fún ọdún kan. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà kan sọ́wọ́, torí fáìlì máa ń sọnù ní ọ́fíìsì, àmọ́ ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ lórí kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ kò wá síbẹ̀ rí.