Ẹṣin wúrà tí Susan rí

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, nínú bọ́ọ̀sì, mo fi oríkì pe ọmọ mi. Kí n tó pè é tán, ó ti kọjú sí fèrèsé. Ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tán ló tó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn: "Mọ́mì, Yorùbá yẹn, ìgbà tí mo wà ní kékeré la máa ń ṣe é." Ọmọ ọdún 11 o! Ó ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ bí arúgbó tó ń ròyìn ogun.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo parí ìwé Narnia, ìkeje nínú méje. Ìwé ọmọdé ni, ìtàn ilẹ̀ àròsọ kan tó ń jẹ́ Narnia, C. S. Lewis ló kọ ọ́, láàárín 1950 sí 1956 ni wọ́n jáde. Èmi ìyá ọlọ́mọ wá ń fi bébà bo ẹ̀yìn ìwé nínú ọkọ̀ ojú irin, kí àwọn tá a jọ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ má baà rí àwòrán kìnnìún. Èmi àti ọmọ yìí la jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o, lálaalẹ́ kó tó sùn. Ìwé kẹta ló ti já mi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹjọ́ Edmund sùn, ọ̀kan nínú ọmọ ìyá mẹ́rin tó ti Ìlú Ọba dé Narnia. Ọmọ yìí ta ẹ̀gbọ́n, ó ta àbúrò fún Àjẹ́ Funfun nítorí midinmíìdìn kan tí wọ́n ń pè ní Turkish delight. Mo ní ohun tó tó báyìí, àfi kí n tọ́ ọ wò. Àfi bí ọṣẹ tí wọ́n da ṣúgà lé lórí! Ká ní ó tiẹ̀ dùn ni, ǹ bá bá a bẹ̀bẹ̀.

Inú ìwé kejì ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi (ìkejì bí wọ́n ṣe jáde o, ẹ má bá mi jà). Àwọn ọmọ mẹ́rin náà, tó ti jọba ní Narnia, padà síbẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n lò ní Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti kọjá lọ́hùn-ún. Ààfin wọn ti di ahoro, igi ápù tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn ti di igbó, wọn ò sì mọ̀ pé inú ilé àwọn làwọn dúró sí. Ẹni tó bá ti béèrè ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tó ń lọ, ó ti yé e.

Susan, ẹ̀gbọ́n Edmund, ló rí i lẹ́bàá kànga: ẹṣin wúrà kékeré, ọ̀kan lára ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì wọn àtijọ́. Òkúta pupa ṣì wà lójú kan, tojú kejì ti yọ. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára, kò lè pa á mọ́ra.

Susan yìí kan náà ni wọ́n wá a tì nínú ìwé ìkeje. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rẹ́ Narnia mọ́, pé bí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sílẹ̀, á ní eré ọmọdé táwọn máa ń ṣe ni. Mo pa ìwé dé. Mo tún un ṣí.

Ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin pa àwọn tó kù, àti ìyá àti bàbá. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù sí Ìlú Ọba. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ń bínú sí Lewis nítorí ìyẹn. Èmi ò ráyè ìbínú. Lọ́jọ́ tí Susan bá rántí ẹṣin yẹn, ta ló kù tó máa bá a sọ ọ́?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọ mi rí ìwé náà lórí tábìlì, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bó ṣe parí. Mo ní gbogbo wọn ló kú, àfi Susan.

Ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí: "Yéè! Mo gbé o!"

Mo yáa dákẹ́, kó má baà fura sí ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.